Ọjọ́ Tí Màámi Ta Òróró sí Irinṣẹ́ Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, bí mo tiẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi: ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi ní Agbowó.

Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mo kọ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Challenge. Mo mọ iṣẹ́ náà, n ò ní torí ìtìjú purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tí mo ṣe fírídọ̀mù, Tólú ọmọbìnrin mi wà lẹ́yìn mi, àwọn èèyàn ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ìyálọ́mọ wo ló ń tú fóònù. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Ohun tó kù fún mi ò ju ibi tí màá jókòó sí lọ.

Alhájà kan wà tí wọ́n ń ta gààrí, ẹ̀wà àti omi tútù létí ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ṣófo, ṣùgbọ́n kí n tó lọ tọrọ rẹ̀, géndé onígbàjámọ̀ kan ti ń bẹ̀ wọ́n fún un.

"Ìyá Tólú," Alhájà wí, "n ò tíì rí obìnrin nídìí iṣẹ́ yìí rí. Fóònù mi nìyí, kò gbaná mọ́. Gbé tábìlì rẹ wá ní Sátidé, kí o tún un ṣe lójú mi. Tó bá jí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ di tìẹ. Tí ò bá jí, onígbàjámọ̀ á gbé àga rẹ̀ wọlé."

"Alhájà, ẹ yáa sọ fún un kó lọ wá ibòmíì," ni mo fèsì. Bí ẹnu mi ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n máa ra irinṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa sọ èyí tó kàn. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ni mo bá kó owó àjọ mi, ó di Dùgbẹ̀. Mo ra irin tí a fi ń yọ́ òjé. Mo ra mítà tí a fi ń wọn agbára iná. Mo ra iná onídígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, mo ra ẹ̀mú, mo ra sukudiráfà oríṣiríṣi. Mo ra bulówà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, èyí tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì kí iná má baà jó o. Mo wò ó, àwọ̀ rẹ̀ ò wù mí. Ọ̀rá olódòdó tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì ìjẹun ni mo rà dípò rẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di Sátidé, Màámi, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ṣakí wá bá mi gbé ọmọ, tẹ̀lé mi. Onítẹ̀bọmi paraku ni wọ́n. Wọ́n ní nílé tiwọn, a kì í fi ọwọ́ lásán ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ki irin mi bọ iná kó lè máa gbóná, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ kété tí a bá ti ṣe àmín. N ò mọ̀ pé àmín jìnnà. Láti orí baba ńlá ọkọ mi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Èmi náà di ojú mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Nígbà tí mo la ojú, Màámi ti fi òróró pa gbogbo irinṣẹ́ mi lára. Sukudiráfà ń dán. Ẹ̀mú ń dán. Wọ́n tiẹ̀ ta á sórí mítà. Ọwọ́ wọn ń lọ sídìí fóònù Alhájà nìyẹn.

"Bisimilai!" Alhájà gbá fóònù mọ́ra. "Ìyá, ẹ dákun, tèmi ti kírun láàárọ̀."

Mo gba fóònù náà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé bí fóònù ò bá gbaná, ẹnu ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ ni kí n kọ́kọ́ wò. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n wíwo ẹnu fóònù ò gba bulówà, kò sì gba mítà. Ta ló máa kó irú irinṣẹ́ báyẹn jọ, tó máa wá fi ojú lásán ṣiṣẹ́ lójú Alhájà?

Mo tú fóònù. Sukudiráfà ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹja àrọ̀. Mo to àwọn síkúrúù sórí òdòdó, mo tan bulówà. N ò yẹ agbára rẹ̀ wò kí n tó tàn án. Fùù! Síkúrúù fò bí eéṣú. Mo dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo ń wá wọn, ni òróró tí Màámi fi pa ìdí irin bá ṣàn dé ẹnu rẹ̀ tó gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín. Tólú sín lẹ́yìn Màámi. Màámi pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Wọ́n fẹ̀yìn rìn, ìdí wọn gbá tábìlì, irin yí gbirigbiri sórí ọ̀rá. Òdòdó yọ́. Ó ń kán tó, tó, tó sórí táìlì Alhájà.

Mo fa wáyà yọ kí ó tó di iná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pé lé wa lórí.

"Àǹtí, ṣé ẹja yẹn ti jinná?" ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

Onígbàjámọ̀ náà wà láàárín wọn. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Tólú," Alhájà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ṣé ká ní kó máa gbé àga bọ̀?"

"Rárá o, Alhájà. Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Kò sí irinṣẹ́ kan tó ṣe é dì mú mọ́. Ni mo bá gbé fóònù sókè sí oòrùn, mo wo ẹnu rẹ̀. Ó funfun báláú. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ nínú ṣọ́ọ̀bù Alhájà, mo rọra wa ibẹ̀. Gààrí ni! Gààrí kíki tó ti le gbagidi. Mo fi aṣọ nu sukudiráfà, mo fi síkúrúù tí mo rí to fóònù padà, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, iná wọlé.

"Ó ti jí!" Alhájà kígbe. "Kí ló ṣe é?"

Ẹnu mi ti fẹ́ dá orúkọ àìsàn ńlá kan sílẹ̀, irú èyí tó yẹ irinṣẹ́ tó wà lórí tábìlì. Mo wo onígbàjámọ̀. Mo wo Màámi tí wọ́n ń rẹ Tólú lẹ́kún lẹ́yìn wọn.

"Gààrí yín ni, Alhájà. Ó dí i lẹ́nu. Kò yẹ kí n tú u rárá. Síkúrúù méjì ò sì tíì délé."

Alhájà bú sẹ́rìn-ín débi tí gèlè wọn fi tú. "Gààrí! Ẹni tó bá mi wò ó tẹ́lẹ̀ ní inú rẹ̀ ló jó, pé kí n ra òmíràn!" Wọ́n kọjú sí onígbàjámọ̀. "Ọmọ mi, wá ibòmíì. Ẹni tó lè tú àṣírí ara rẹ̀ báyìí, mo lè jẹ́ kó máa tú fóònù níwájú ilé mi." Wọ́n tún yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Wá ha òdòdó rẹ kúrò lára táìlì mi kó tó gan!"

Títí di òní, ibẹ̀ ni mo ṣì jókòó sí. Mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó bá ra irinṣẹ́ ṣíwájú iṣẹ́, irinṣẹ́ náà ni yóò máa rán an níṣẹ́. Ojú tí Ọlọ́run fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń lò báyìí. Bulówà yẹn wà níbẹ̀, ó ń gba eruku. Bí mo bá ti wò ó, ẹ̀rín á pa mí, màá tún mí kanlẹ̀, nítorí ó wọ́n o.