Ojú Ilé Àwọn Ará Banigbé Ni Mo Lọ Ṣọ́

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ tá a lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Banigbé ò ní kúrò lọ́kàn mi. Aṣọ́lé ni mí nígbà náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ifangni. Ìyẹn ni pé èmi ni mo máa ń rí bọ́ọ̀lù dáadáa bó ṣe ń kọjá.

Kóòṣì wa àtijọ́ gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ ní Kútọnu, ó sì mú dígí dúdú àti èébú bọ̀ látibẹ̀. "Kọnsantirasíọ̀n! Olórí ẹja!" Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, inú á ti máa run mí, ṣáláńgá ni mo ti ń múra. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn, obìnrin kan tá à ń pè ní Tàntí rọ́pò rẹ̀. Òun kì í bú èèyàn. Tẹ́nì kan bá ṣìṣe, ńṣe ló máa kí i bí ẹni tó ti oko dé: "O kú àṣìṣe o!" Mo rò pé orí ẹ̀ ò pé.

Ní Banigbé, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. "O kú àṣìṣe o!" Mo wá fẹ́ fò bíi tàwọn tí mò ń wò nínú tẹlifísàn; mo forí gbá òpó, ṣòkòtò mi ya, bọ́ọ̀lù wọlé. "O kú ìṣubú o!" Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo mú un! Mo gbá a mọ́ra, mo ń jó, mo sì jó kọjá ìlà wọ ilé ara wa. Tàntí ní: "O kú ijó o!"

Nígbà ìsinmi, mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Inú tún ti ń run mí.

"Tàntí, mo ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ títí láé. Mò ń lọ sílé."

"Ṣé o ti mumi?"

"Rárá, Tàntí."

"Mumi ná. Tó o bá fẹ́ padà sínú pápá, padà. Tó o bá fẹ́ jókòó tì mí, jókòó. Bọ́ọ̀lù kọ́ lọmọ mi, ìwọ lọmọ mi."

Mo mumi, mo fi gbé omijé mì, mo sì sáré bí akọni padà síbi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀. Aṣọ́lé Banigbé wá dúró tì mí.

"Ọ̀rẹ́, a ti pààrọ̀ ojú ilé o. Àbí àwa méjèèjì la fẹ́ jọ ṣọ́ ọ?"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ di ẹ̀yìn ṣòkòtò mi, mo sá lọ sí òdìkejì. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé inú mi ti dákẹ́. Mo mú bọ́ọ̀lù méjì, mo fọwọ́ mú ọ̀kan, mo fimú mú èkejì. Wọ́n ṣì nà wá.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ọmọ tẹ́rù kóòṣì bá ń bà ò ráyè rí bọ́ọ̀lù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ dé pápá. Mo ṣọ́lé fún Tàntí títí mo fi jáde níléèwé, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀rín ń pa mí báyìí: nínú gbogbo aṣọ́lé tí wọ́n ń fi gòólù bò mọ́lẹ̀, bóyá èmi nìkan ni mo ń fò fáyọ̀ lọ gbà á.