Ìgò Wáìnì Mẹ́rin Tí Mo Rì Sínú Yìnyín

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé láyé mi, bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Nígbà mìíràn tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, tí mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ọjọ́ náà á ṣàdédé wá sí mi lọ́kàn, ojú á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láàyè ara mi. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ bá mi pín nínú ìtìjú ọ̀hún.

Ọmọ Ṣakí ni mí. Díákónì ni bàbá mi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ìyá mi sì wà lára àwọn tó ń fọ àwọn ife kéékèèké tí a fi ń gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, gbogbo wáìnì tó tíì wọ ẹnu mi ò ju ti inú ife kékeré yẹn lọ, ìyẹn náà kì í sì í ṣe wáìnì. Omi èso aládùn ni, èyí tí ọmọ kékeré lè mu kó sì tún tọrọ sí i. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí mo wá rí n'Ìbàdàn: mò ń ta wáìnì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà.

Mi ò purọ́ fún àwọn ará ilé. Mo ní ilé ìtajà ohun mímu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí ìyá mi bá rò pé mínírà ni, ṣé èmi ni mo ní kó rò bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá mi ni mo purọ́ fún. Obìnrin àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Lọ́jọ́ tó gbà mí síṣẹ́, ó bi mí bóyá mo mọ nǹkan kan nípa wáìnì. Mo ní, "Mọ̀mí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó." Láti ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n bá kọ sẹ́yìn ìgò ni mo máa ń há sórí, tí mo máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà bí ẹni tó ti oko àjàrà dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. "Èyí ń rọra dùn lọ́fun, sà. Èyí máa bá ẹran yíyan lọ dáadáa, mà." Wọ́n á sì rà á! Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin tí a jọ ń tajà, á fọwọ́ bo ẹnu, á máa rẹ́rìn-ín. Òun mọ̀ pé mi ò fẹnu kan ọ̀kankan rí.

Nígbà tó yá, Mọ̀mí fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Akóbọ̀, ó sì ń wá ẹni tó máa fi ṣe máníjà ibẹ̀. Èmi tàbí Kẹ́hìndé ni. Ó wá pe oníbàárà pàtàkì mẹ́jọ pé kí wọ́n wá tọ́ wáìnì wò lọ́jọ́ Sátidé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní èmi ni kí n darí ètò náà, àti pé tí mo bá ṣe é dáadáa, Akóbọ̀ ti di tèmi. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló gbé mi dé ìdí fóònù? Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo ní wọ́n ti fi mí ṣe máníjà. Mi ò ní wọ́n fẹ́ fi mí ṣe é o, mo ní wọ́n ti ṣe é tán. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ìyá mi ti ń jó. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí padà pé òun ti fi tó pásítọ̀ létí, pé ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la máa ṣe ìdúpẹ́. Ó tán! Mo gbọ́dọ̀ di máníjà kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé.

Ìgò mẹ́rin ni Mọ̀mí kó sílẹ̀ fún ètò náà. Irú àjàrà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí wọ́n ń pè ní Ṣiráàsì, ṣùgbọ́n ọ̀kan wá láti Faransé, ọ̀kan láti Gúúsù Áfíríkà, ọ̀kan láti Ọsirélíà, ọ̀kan láti Ṣílè. Mọ̀mí ṣàlàyé ẹ̀ fún èmi àti Kẹ́hìndé. Ó ní, "Ṣé ẹ rí iṣu? Ẹ gbin irú iṣu kan sí Ṣakí, kí ẹ gbin irú ẹ̀ gan-an sí Ìjẹ̀bú. Tí ẹ bá gún un tán, ṣé iyán méjèèjì máa dùn bákan náà?" Mo ní rárá mà, pé ti Ṣakí ló máa dùn jù. Ó ní ohun tí òun bi mí kọ́ nìyẹn. Àwọn àlejò máa tọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, wọ́n á wá jọ sọ̀rọ̀ lórí bí ilẹ̀ àti oòrùn ibi kọ̀ọ̀kan ṣe yí adùn àjàrà kan náà padà. Ó to àwọn ìgò náà sórí tábìlì ní yàrá ẹ̀yìn, ó ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n títí aago mẹ́rin. Òun àti Kẹ́hìndé wá jáde lọ sí Ring Road láti lọ ra ẹran yíyan àti wàràkàṣì.

Ó ku èmi, ìgò mẹ́rin, àti ooru. Oòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Mo fọwọ́ kan ìgò kan, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo bi ara mi pé: àlejò á ti Akóbọ̀ wá, òmíràn á ti Baṣọ̀run wá, nínú oòrùn yìí, ká wá gbé ohun mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ síwájú wọn? Nílé wa ní Ṣakí, tí o bá gbé mínírà tí kò tutù fún àlejò, ìyá mi á ní sùúrù títí àlejò á fi lọ, etí rẹ ló máa wá fi ṣàlàyé fún ẹ. Mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé Mọ̀mí ń dán mi wò ni, kó lè mọ̀ bóyá mo ní làákàyè. Wọ́n ti mú iná lọ, fìríìjì ò ṣiṣẹ́. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, mo ra ńlá méjì, mo fọ́ ọ sínú báàfù, mo bu omi sí i, mo sì ri ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe é níbi ìkómọ. Mo wá jókòó, mò ń yin ara mi.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, mo ní kí n lọ wo bó ṣe tutù sí. Háà! Bébà ara ìgò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni mo bá tó ń léfòó lójú omi. Orúkọ ìlú, orúkọ oko, gbogbo ẹ̀ ti bọ́. Mo fa àwọn ìgò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìhòhò ni gbogbo wọn wà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ga bákan náà. Mo tò wọ́n sórí tábìlì, mò ń wò wọ́n, àwọn náà ń wò mí.

Mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé máníjà kì í sunkún. Mo ní ṣebí Mọ̀mí ló sọ pé ilẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan máa ń yí adùn ẹ̀ padà, tí mo bá ti tọ́ wọn wò, mo máa mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mú irin tí a fi ń ṣí ìgò, mo ṣí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Torí pé èèyàn tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni mí, mi ò jẹ́ kí kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí wọn lẹ́nu fọ́n ká sílẹ̀. Mo kó wọn sínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi láìwo ojú wọn.

Mo bu ti àkọ́kọ́ sínú ife, mo sì ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì: mo tẹrí ba, mo dákẹ́ díẹ̀, mo gbé gbogbo ẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Yéè! Ẹnu mi fún pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá gé kajú tí kò pọ́n jẹ. Ìkejì náà fún mi lẹ́nu. Ìkẹta ńkọ́? Bákan náà. Mi ò mọ̀ pé yìnyín ti pa adùn gbogbo wọn. Mo tún padà sórí àkọ́kọ́. Nígbà tí mo fi máa yí wọn ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ti ń dùn! Ara mi yá, ọgbọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ orí mi. Mo ní Ọsirélíà jìnnà púpọ̀, èyí tí ìrìn bá ti rẹ̀ jù nínú wọn ni tiwọn. Gúúsù Áfíríkà sún mọ́ wa, èyí tó bá ṣe mí bí ẹbí ni tiwọn. Èyí tó ń ṣe fáàrí lẹ́nu mi, Faransé nìyẹn. Mo fi èyí tó kù fún Ṣílè. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà kọ̀ọ̀kan padà. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé wọn ò dọ́gba mọ́. Ti Gúúsù Áfíríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, torí pé ẹbí ni wá. Tí ẹ bá ti rí díákónì tó ń bu Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa rí, ẹ máa mọ̀ pé ife kan ò gbọdọ̀ kún ju èkejì lọ. Ọmọ díákónì sì ni mí. Mo rọ díẹ̀ láti inú ti Faransé sínú ti Gúúsù Áfíríkà, mo rọ díẹ̀ láti inú ti Ṣílè sínú ti Faransé, mo bu ti Ọsirélíà kún gbogbo wọn, mo tún rọ̀ ọ́ padà, títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dọ́gba rẹ́gí. Inú mi dùn débi pé mo súre fún wọn.

Aago mẹ́rin lù, àwọn àlejò dé. Ẹni tí Mọ̀mí ń pọ́n lé jù nínú wọn ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ dókítà. Dádì Dókítà là ń pè é. Ó ti gbé ìlú òyìnbó pẹ́, kò sì sí bó ṣe máa mu wáìnì tí kò ní kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Mọ̀mí fọwọ́ kan ìgò kan, ó yára gbọ́wọ́ kúrò.

"Ọmọ Ṣakí, ta ló fi wáìnì pupa sínú yìnyín?"

"Àwọn àlejò ni mo rò, mà. Oòrùn mú."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Kí ló ń rùn lẹ́nu ẹ?"

Orí yọ mí, Dádì Dókítà ní kí wọ́n bu ti àkọ́kọ́ wá. Kẹ́hìndé bu ú yíká. Bàbá gbé gíláàsì sókè, ó wò ó, ó gbóòórùn ẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Hùn-ún." Ó tọ́ ìkejì wò, "Hùn-ún." Ó tọ́ ìkẹta wò, ó ṣí fìlà. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, ojú ẹ̀ ti yí padà.

"Mádáàmù, ẹ má bínú o," ó ní. "Orílẹ̀-èdè mẹ́rin lẹ pè é, adùn kan ṣoṣo ni mo sì ń gbọ́ nínú gbogbo ẹ̀. Ó jọ pé ẹnu mi ti kú."

Ẹ̀rù bà á lóòótọ́. Àwọn tó kù, tí wọ́n ti ń pariwo pé ti Faransé ò lẹ́gbẹ́, panu mọ́ lójijì. Mọ̀mí ní, "Dádì, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ yìí mọ wáìnì bí ẹní mowó. Ó yá, ṣàlàyé fún wa."

Mo dìde, ilẹ̀ náà bá mi dìde. Mo ní, "Kí gbogbo wa kọ́kọ́ gba tiwa sọ́wọ́. Ẹ má tíì mu ún, ẹ dúró de ara yín." Wọ́n dúró. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká tẹrí ba." Ẹ gbà mí, wọ́n tẹrí ba! Èèyàn ńlá mẹ́jọ, nínú ṣọ́ọ̀bù wáìnì, ní Bódìjà. Mo gbàdúrà fún ilẹ̀ Faransé, mo gbàdúrà fún Ṣílè, mo bẹ Ọlọ́run kó bù kún ọwọ́ àwọn tó ṣe é. Àwọn mẹ́ta ṣe àmín sókè. Kẹ́hìndé sá wọ yàrá ẹ̀yìn, mò ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ láti ibẹ̀.

Gbogbo wọn mu tiwọn, àfi Dádì Dókítà. Ó yí i ká lẹ́nu, ó wá tu ú sínú abọ́ kan tí Mọ̀mí gbé sórí tábìlì. Mi ò mọ̀ pé báyìí làwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é, àní ohun tí abọ́ náà wà fún nìyẹn. Lójú tèmi, tí àgbàlagbà bá tu ohun tí o gbé fún un jáde, o ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá.

"Ẹ darí jì mí, sà! Ẹnu yín ò kú! Èmi ni mo dà wọ́n pọ̀! Bébà wọn bọ́ sínú omi, mi ò mọ èwo ni èwo mọ́!"

Bí mo ṣe nà sílẹ̀ báyìí ni kọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ jáde lápò àyà mi, tí wọ́n ń yí lọ nílẹ̀. Ọ̀kan lọ dúró níwájú bàtà Mọ̀mí. Kẹ́hìndé, tó ti jáde wá, ṣà wọ́n. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó wá wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti wá sára kọ́ọ̀kì o. Faransé rèé. Ṣílè rèé. Kí lẹ wá ń tọ́ wò?"

Dádì Dókítà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí ẹ̀. "Ẹnu mi ò kú!" Bó ṣe ń tún un sọ nìyẹn, tó ń gbá itan ara ẹ̀, títí gbogbo ilé fi gba ẹ̀rín. Mọ̀mí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìdáhùn wà lápò ẹ. O mu odidi ìgò kan, o ò sì rí i." Ó wá yíjú sí Kẹ́hìndé, ó ní kó múra Akóbọ̀ sílẹ̀.

Mo pe ìyá mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: máníjà tí mi ò jẹ́, mínírà tí kì í ṣe mínírà. Ìyá mi gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "Ṣé wọn ò lé ẹ?" Mo ní wọn ò lé mi. Ó ní, "Ìdúpẹ́ ò yẹ̀ nìyẹn." Wọ́n sì ṣe é lóòótọ́. Wọ́n sọ fún mi pé bàbá mi gba máíkì lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, ó ní kí ìjọ bá òun dúpẹ́ pé wọn ò lé ọmọ òun níṣẹ́, kí wọ́n sì bá òun bẹ Ọlọ́run fún un, nítorí ó mu wáìnì orílẹ̀-èdè mẹ́rin lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bódìjà ni mo ṣì wà. Tí mi ò bá mọ nǹkan báyìí, mo máa ń sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n, kò sì tíì pa mí. Mọ̀mí ti fi sùúrù kọ́ mi, mo ti ń dá wọn mọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tu ú. Tí Dádì Dókítà bá wọlé, á ní, "Ọmọ Ṣakí, tẹrí ba ká mu ún," èmi náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò ní ohun mìíràn tó lè ṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní nǹkan, tí ẹnu mi sì ti fẹ́ sọ pé mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, mo máa ń kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àpò àyà mi wò ná. Kọ́ọ̀kì kan tí Kẹ́hìndé dá padà fún mi ni mo ń fi síbẹ̀ dòní. Ti Gúúsù Áfíríkà ni. Ẹbí ṣáà ni wá.