Bí Oyèwùmí Ṣe Gun Àpáta Láti Bá Ẹgbẹ́ Olóhùn Oyin Jà

Ẹ yàgò lọ́nà, ẹ̀yin ọ̀rọ̀ kéékèèké, kí ọ̀rọ̀ ńlá ráyè kọjá! Oyèwùmí ni mo fẹ́ kì, ọmọ Ìrágbìjí tó fi òkè ṣe ìrọ̀rí, ọmọ-ọmọ Láwọyin tó jẹ́ pé nígbà tí giramafóònù kọ́kọ́ wọ ìlú, ó ní àfi kí ọkùnrin inú àpótí náà jáde wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà kó tó kọrin; ọmọ Ògúndépò tó bínú jáde nínú ìjọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé dùùrù wọlé, tí kò sì padà títí di ọjọ́ ìkórè, nígbà tí òórùn ìrẹsì pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Ohun tí ẹkùn bí, ẹkùn ní í jọ.

Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni akọni mi ń ṣe. Ẹ̀rọ tí géńdé mẹ́ta fa okùn rẹ̀ títí apá wọn fi rọ, bí Oyèwùmí bá ti wò ó lójú lásán, á wúkọ́, á sì jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó ṣe le tó yẹn, orin Ẹgbẹ́ Olóhùn Oyin a máa sọ ọ́ di ẹ̀kọ gbígbóná. Ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan ni wọ́n, wọ́n ń ta gìtá, ohùn wọn sì tutù bí omi àmù.

Àfi bí wọ́n ṣe gbé àwo tuntun jáde! Wọ́n ti gbé gìtá jù sí yàrá, wọ́n ti ní kí onílù máa lọ sílé, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi rọ́pò gbogbo wọn. Èyí tó wá burú jù ni pé wọ́n mú orin wọn tó dùn jù, “Má Tíì Lọ,” wọ́n sọ ọ́ di orin ijó àwọn ọ̀dọ́ ilé fàájì, gbì-gbì-gbì-gbì, ohùn wọn sì ń dún bíi ti ẹni tó há sínú páìpù. Ìlú pín sí méjì. Agẹrun ní ojú wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là; tíṣà ní ojúkòkòrò ló ń ṣe wọ́n; àwọn onídìrí jó títí òòyà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ilé Oyèwùmí fúnra rẹ̀, Ìyá Tinú ń fi ìgbálẹ̀ jó.

“Ìyá Tinú, láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ gbì-gbì-gbì ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé mo tún máa délé wá gbọ́ ọ ni?”

“Bàbá Tinú, jẹnẹrétọ̀ tiyín kì í jẹ́ kí ìdí èèyàn mì.”

Ó dùn ún wọ egungun. Nítorí náà, nígbà tí rédíò kan ní Òṣogbo ní kí gbogbo olùgbọ́ pè láàárọ̀ Sátidé wá sọ èrò wọn lórí àwo náà, akọni mi búra pé òun yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu wó ẹgbẹ́ náà lulẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró nílé rẹ̀, bí àlejò tí inú rẹ̀ kò dùn sí oúnjẹ ni. Ló bá dojú kọ àpáta ẹ̀yìn ìlú, bí ológun tó ń lọ dó ti odi. Àwọn ewúrẹ́ yà fún un! Àwọn alángbá mi orí sí i! Okùn bàtà rẹ̀ já ní agbedeméjì, ó sọ ọ́ nù, ó fẹsẹ̀ lásán tẹ iná oòrùn mọ́lẹ̀, ó gùn ún dé téńté.

Ó pè, kò wọlé. Ó tún pè. Ó na fóònù sí ọ̀run bí ẹni ń fi idà halẹ̀ mọ́ òjò. Níkẹyìn, ẹnìkan dáhùn: “Ẹ dúró sórí ìlà, bàbá, ẹnìkan ń bẹ níwájú yín.” Bó ṣe ń dúró, ó ń gbọ́ ètò náà nínú fóònù. Ọkùnrin kan láti Ẹdẹ ní kọ̀ǹpútà ti ba orin jẹ́. Oyèwùmí ké pé, “Àṣẹ!” Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn kan wọlé tí akọni mi dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Ìyá Tinú ni mí, láti Ìrágbìjí; ọjà ni mo ti ń pè. Orin ‘Má Tíì Lọ’ yẹn ni ọkọ mi kọ fún mi ní gáréèjì lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Kánò. Mo ti jókòó sínú mọ́tò. Ó kọ ọ́ títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Àtìgbà tí a ti bí Tinú ni kò ti kọ ọ́ mọ́, Tinú sì ti wọ yunifásítì báyìí. Tí mo bá gbọ́ ti àtijọ́, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń retí, inú mi á sì bàjẹ́. Ti tuntun yìí kò rán mi létí ẹnì kankan. Mo kàn ń jó ni.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Oyèwùmí kó jọ dà nù lára rẹ̀ bí ọ́ìlì ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú.

“Ẹ káàárọ̀ o, bàbá,” ni olóòtú wí. “Kí ni èrò tiyín?”

Akọni mi la ẹnu, ó sì kọ “Má Tíì Lọ”! Háà, ohùn wo nìyẹn! Ohùn bí páànù tó dógùn-ún tí wọ́n ń wọ́ lórí títì, ohùn tó lé àwọn ewúrẹ́ kúrò lórí àpáta lọ́wọ̀ọ̀wọ́! Ó kọ ẹsẹ kìíní parí, kò rántí ìkejì, ó tún kìíní kọ, omijé ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀. Olóòtú kò gé ìpè náà. Ó kàn ní, “Ẹ ṣé gan-an, bàbá.”

Ọkùnrin Ẹdẹ yẹn ló tún pè. “Arábìnrin olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yí èrò mi padà. Mo ti gbọ́ ohùn èèyàn báyìí. Kí wọ́n máa lo kọ̀ǹpútà lọ.” Àwọn mìíràn pè láti Ìwó, láti Ìlobùú: kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà!

Nígbà tí Oyèwùmí tiro délé, Ìyá Tinú wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Bàbá Tinú, ohùn yín ti bàjẹ́ pátápátá.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹsẹ kejì ńkọ́?”

“Mo ti gbàgbé ẹ̀.”

Ìyá Tinú fà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ẹsẹ kejì.

Ẹ kéde rẹ̀, ẹ̀yin aráyé! Ẹ sọ fún ti òkè, ẹ sọ fún ti odò pé Oyèwùmí ọmọ Ògúndépò gbógun ti kọ̀ǹpútà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kó gbogbo ìpínlẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Pé nínú gbogbo olùgbọ́ rédíò, èèyàn kan ṣoṣo ló rí mú, ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ pé ìyẹn kì í ṣe ìṣẹ́gun, ìlà ṣì ṣí sílẹ̀: kó pè, kó kọ tirẹ̀ ká gbọ́.