Àṣẹ Ọlọ́jà: Kò Sí Edé Mọ́ Nínú Òkun Òde-Ẹrẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òde-Ẹrẹ̀, ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe, kí ó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó ń yan edé lórí iná, kí ó tètè bò ó mọ́lẹ̀. Ọlọ́jà, ọba wa, ló ní kí akéde wí!

Ẹ rántí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ilé-iṣẹ́ elépo rán wá, pé kí wọ́n wo ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú òkun wa kí wọ́n tó gbẹ́ kànga epo sínú rẹ̀. Òkun oníyìnyín ni wọ́n ti ń bọ̀, lókè àríwá ayé lọ́hùn-ún, níbi tí omi ti ń dì bí òkúta. Àwọ̀n tí wọ́n ń lò níbẹ̀ náà ni wọ́n gbé wá. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ojú fèrèsé. Wọ́n jù ú sómi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Omi nìkan ló ń kán lára rẹ̀.

Ìyá Orímisàn, tó ti ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó edé láti ọdún tí òkun gbé ọjà àtijọ́ lọ, dúró létí omi ó ń wò wọ́n. Ó ní kí wọ́n wá yá tòun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí màmá lọ sinmi. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí nǹkan kan nínú òkun wa. Ọlọ́jà sì ti tẹ ìwé náà lóǹtẹ̀! Nítorí náà:

Èkíní: Láti òní lọ, kò sí edé. Kò sí edé! Ẹni tó bá rí i, kí ó gbójú kúrò.

Èkejì: Edé tó bá ṣì wọ àwọ̀n, ẹ dá a padà sómi, kí ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé kò sí. Ẹni tó bá tà á, ewúrẹ́ méjì! Ẹni tó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ tí kò wá fẹjọ́ sùn, ewúrẹ́ kan àti òbúkọ.

Ẹ̀kẹta: Béárì funfun, ẹranko onírun tó ga ju ilẹ̀kùn lọ, gba ojú ewé mọ́kànlá nínú ìwé náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lókò. A kò rí ọ̀kan rí ní Òde-Ẹrẹ̀. Ẹ ṣáà máa ṣọ́ra.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ má ṣe fi ọkọ̀ ojú omi fọ́ yìnyín.

Ẹ̀karùn-ún: Bí oṣù tuntun bá ti lé, kànga epo bẹ̀rẹ̀, níbi tí Ìyá Orímisàn ń dẹ àwọ̀n sí gan-an. Kí màmá kó igi àwọ̀n rẹ̀ kúrò.

Màmá gbọ́ èyí láàfin láàárọ̀ yìí. Kò sunkún, kò bínú. Ó kúnlẹ̀ kí Ọlọ́jà, ó wá yíjú sí ọ̀gá àwọn ọ̀mọ̀wé, tó ti ń jẹun nílé rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, "Ọmọ mi, abọ́ mẹ́ta lo lá mọ́ lánàá. Kí ni mo bù fún ọ?"

Ọ̀gá wo òrùlé. Ọlọ́jà wo ọ̀gá. Ìwé wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó ṣí i. Kábíyèsí wúkọ́, ó ní àṣẹ Ọlọ́jà kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n yá àwọ̀n màmá ná, kí wọ́n padà sómi. Ló bá fi ọ̀kan kún un.

Ẹ̀kẹfà: Oṣù tuntun kò gbọdọ̀ lé títí wọn yóò fi ka edé náà tán, lọ́kọ̀ọ̀kan!

Bí wọ́n ṣe rán akéde ló ṣe jẹ́ ẹ, kò fi tirẹ̀ kún un. Ebi ń pa á. Ó ń lọ sílé Ìyá Orímisàn, lọ jẹ ohun tí kò sí.