Atọ́wò Àgbà àti Ojúlówó Oúnjẹ Tháílándì

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìgbéraga ṣe ń wọ bàtà, kó wo ẹsẹ̀ Atọ́wò Àgbà. Bàtà rẹ̀ á ti máa dún kó-kó-kó kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ, imú rẹ̀ á sì wà lókè bíi ti ẹni tó ń wá òórùn tí afẹ́fẹ́ jí gbé. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ka mítà ní ọ́fíìsì omi ìlú wa. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní iṣẹ́ tí Ọlọ́run torí ẹ̀ dá ahọ́n mọ́ òun lẹ́nu ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwa tá a mọ̀ ọ́n ní oríkì tiwa: Atọ́wò-má-sanwó, ọkọ ṣíbí, imú tí í jẹun ṣáájú ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń kì í. Ó ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ìlú, ibẹ̀ ló ti ń sọ ilé oúnjẹ tó yẹ ká wọ̀ àti èyí tó yẹ ká sáré kọjá. Bó bá kọ̀wé lónìí, ilé oúnjẹ kan á kún lọ́la, òmíràn á ṣófo.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ti Onítáyà, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní òpópónà wa tí dígí mi kì í kọ́kọ́ rí.

Ìlú wa kéré. Wákàtí mẹ́fà ni bọ́ọ̀sì ń rìn kó tó dé ìlú ńlá, kò sì sẹ́ni tó retí pé oúnjẹ Tháílándì lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ wá bá wa. Ṣùgbọ́n Tháílándì ni wọ́n ti bí ìyàwó Onítáyà. Ó ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń lẹ táyà, tábìlì mẹ́rin péré. Ewé tí kò rí rà lọ́jà, ó gbìn ín sínú ògbólógbòó táyà lẹ́yìnkùlé: koríko tó ń ta sánsán bí ọsàn, ewé kan tó jọ efinrin àmọ́ tó dùn jù ú lọ, àti ata wẹ́wẹ́ tó nàka sókè bí ẹni tó ń kìlọ̀ fún ojú ọ̀run. Omi ẹja oníyọ̀ tó fi ń sebẹ̀, inú páálí ló ti ń bá bọ́ọ̀sì wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí páálí yẹn bá pẹ́ lọ́nà, kò ní fi nǹkan míì dípò. Á kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé: "Kò sọ́bẹ̀ lónìí. Ẹ má bínú."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ọbẹ̀ edé rẹ̀, omi bọ́ lójú mi, imú mi ń ṣàn, etí mi méjèèjì là. Mo ní kó bù sí i.

Oṣù kejì tí ilé oúnjẹ náà ṣí ni Atọ́wò Àgbà dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na imú wọlé, ó fi ara tó kù sílẹ̀ síta.

"Ẹ jókòó, sà," ni ìyàwó Onítáyà wí. Ó ti bu ọbẹ̀ wá.

"Mi ò ní jókòó. Ẹni tó bá mọ nǹkan, ìdúró ló fi ń mọ̀ ọ́n."

"Ẹ tọ́ ọ wò nígbà náà."

"Àgbà atọ́wò kì í tọ́ nǹkan wò. Ọmọdé ló ń fi ahọ́n wádìí. Imú mi ti gbọ́ ẹjọ́ yẹn, ó sì ti dá a."

"Báwo ló ṣe dá a, sà?"

"Ata ló jẹ̀bi." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Mo ti gbé Tháílándì, ìyá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Ọ́fíìsì ló rán mi lọ sípàdé níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ funfun ni. Ó rọ̀, kò láta, kò níyọ̀, ó ń rọra sọ̀ lọ́nà ọ̀fun bí ẹni ń bá èèyàn tọrọ gáfárà."

Obìnrin náà gbé abọ́ ọbẹ̀ sórí tábìlì. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ibẹ̀, sà."

"Ìṣòro yín gan-an nìyẹn. Ẹja kì í mọ̀ pé omi tutù. Àlejò ló lójú."

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Atọ́wò gé òwe náà sí méjì, ó mú apá tó wù ú.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Òun lè fún un ní Ìwé Ẹ̀rí Ojúlówó, kó gbé e kọ́ ara ògiri. Owó ahọ́n lásán ni yóò máa san lóṣooṣù, pẹ̀lú odindi adìyẹ kan tí yóò máa fi ránṣẹ́ sílé òun ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

"Adìyẹ aláta?"

"Kẹ́ ẹ má fi ata sí i."

Onítáyà ti gbọ́ láti ìta. Ó yọjú, irin ìtú-táyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, ahọ́n ta la fẹ́ sanwó rẹ̀? Ṣé èyí tí kò kan ọbẹ̀?"

Atọ́wò fa imú rẹ̀ jáde nílé oúnjẹ náà, ó sì lọ kọ̀wé.

Àkọlé ohun tó kọ ni "Ayédèrú Lẹ́yìn Táyà." Ó ní ẹni tó bá lajú kò ní jẹ oúnjẹ tó ń pani lẹ́kún, pé ará oko ló ń fi ata tan ara rẹ̀. Kò sì sóhun tí ìlú wa bẹ̀rù tó kí wọ́n pè é lóko. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí tábìlì mẹ́rin fi di méjì, méjì di ẹyọ kan. Olùkọ́ ilé ìwé gíga wa, tó ń jẹ abọ́ méjì lójúmọ́, wá gẹ irun lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun ti fura tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó máa fi di òpin oṣù, Yàrá Ojúlówó ti ṣí nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tá a ní. Ọkọ àbúrò Atọ́wò ló ni hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Atọ́wò ló dúró ti alásè títí oúnjẹ fi rí bó ṣe fẹ́: ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi gbàgbé pé òun ní hóró, funfun báláú, nínú abọ́ tánganran, pẹ̀lú ṣíbí gbọọrọ. Ìlọ́po mẹ́ta iye tí ìyàwó Onítáyà ń gbà ni wọ́n ń tà á.

Èmi náà lọ. Mo mu ṣíbí kan, mo dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀ lẹ́nu mi. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Gbogbo èèyàn ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ìwàásù.

"Báwo ni?" ni Atọ́wò bi mí.

"Ó jinlẹ̀," ni mo wí. Ojú tì mí títí mo fi délé.

Láàárín ìgbà yẹn, mo máa ń rí ìyàwó Onítáyà nínú dígí mi. Á nu tábìlì tẹ́nì kan ò jẹun lórí ẹ̀, á tún nu òmíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọdá wá, ó ní kí n bá òun fi ọwọ́ mi tó dáa kọ nǹkan sára páálí. Mo bi í pé kí ni kí n kọ. Ó ní: "A ti kógbá sílé."

Kálàmù wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé. Ìyá náà ti lé láàádọ́rin ọdún, eyín mọ́kànlá ló kù lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí èyí tó bẹ̀rù ata nínú wọn. Ó gba páálí náà, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀.

"Ìwọ máa sè é," ló wí. "Bí ìlú ò bá jẹ ẹ́, èmi á jẹ ẹ́."

"Ìyá, ẹ ò lè dá ìkòkò jẹ."

"Ṣé o ti rí mi tí mo gbìyànjú ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ kó tó di ẹkún. Ó ní kì í ṣe títà ló dun òun. Ohun tó dun òun ni pé ọbẹ̀ tí ìyá òun fi wo òun dàgbà ni wọ́n ń pè ní irọ́, lẹ́nu ẹni tí kò mọ ìyá òun rí. Mo dé kálàmù mi.

Ní oṣù kẹta tí Yàrá yẹn ṣí, wọ́n kéde pé alága ìlú máa wá sí Yàrá Ojúlówó lọ́sàn-án Sátidé. Bí oúnjẹ náà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, pátákó ńlá kan máa dúró lójú títì márosẹ̀, tí yóò máa darí gbogbo arìnrìn-àjò tó bá fẹ́ jẹun sí hòtẹ́ẹ̀lì náà. Pátákó kan péré. Ta ló tún máa rántí tábìlì mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà?

Gbogbo wa lọ. Ìyá Onítáyà náà lọ, ó há kúlà oúnjẹ mọ́ abíyá, ó fa ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé: "Wá ká lọ wo ẹni tó mọ ilé baba ẹ jù ọ́ lọ."

Atọ́wò wọ kóòtù. Wọ́n gbé omi ìrẹsì funfun yẹn síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí alága tó mu ṣíbí kìíní, Atọ́wò ní òun ní ohun kan tí òun ò fi han ẹnikẹ́ni rí. Ó ṣí aṣọ pupa kúrò lórí férémù kan. Ìwé ló wà nínú rẹ̀, lẹ́tà ilẹ̀ Tháílándì kún un fọ́fọ́, òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù sì wà nísàlẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni alága béèrè.

Atọ́wò fi ìka tẹ̀ lé ìlà àkọ́kọ́. "'Àwa àgbà alásè ilẹ̀ Tháílándì, a fi ahọ́n ọkùnrin yìí joyè. Ohun tó bá pè ní ojúlówó, ojúlówó ni...'"

"Ìyàwó mi wà níbí," ni ìyá yẹn ké láti ẹ̀yìn. "Èdè ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó bá wa kà á."

"Èdè ààfin ni, ìyá. Ó jinlẹ̀. Ẹni lásán lè má gbọ́ ọ."

"Kó ka ibi tó bá mọ̀."

Alága ní ìyẹn ò burú. Obìnrin náà rìn wá síwájú, ó tẹjú mọ́ ìwé náà. Ó kà á tán lọ́kàn, ó sì gbójú sókè sí Atọ́wò. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá.

"Sà," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ṣé kí n kà á lóòótọ́?"

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Ẹni tó bá ní làákàyè á ní inú ń run òun, á sì máa lọ sílé. Atọ́wò wú àyà.

"Kà á, bó bá jẹ́ pé o lè kà á! Kà á sókè!"

Ó kà á sókè. "'Ilé ìwòsàn pápákọ̀ òfuurufú. Ìwé ìtúsílẹ̀ aláìsàn. Ọkùnrin, àlejò. Láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti gbé e wá tààrà. Inú rírun. Ó jẹ oúnjẹ tirẹ̀, ó tún jẹ ti àwọn mẹ́ta tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.'"

Ẹnì kan wúkọ́.

"'Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí ibùsùn. Kò gbọdọ̀ jẹ ata, iyọ̀, ẹja tàbí òróró. Omi ìrẹsì nìkan ni kí a máa fún un.'" Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà tó gbẹ̀yìn. "'Ó ń béèrè àfikún lójoojúmọ́. A tú u sílẹ̀ láti padà sílé nínú ọkọ̀ òfuurufú alẹ́ òní.'"

Mo gbọ́ ṣíbí kan tí wọ́n rọra gbé kalẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn. Olùkọ́ ilé ìwé gíga ní òun ti fura tẹ́lẹ̀.

Ọkọ àbúrò Atọ́wò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ aláìsàn ni mo ń gbé fún ìlú láti oṣù mélòó?"

"Èèyàn ńlá ńlá ló dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn yẹn," ni Atọ́wò dáhùn.

Ìyá yẹn ti ṣí kúlà rẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ edé gba gbogbo yàrá, ó kan òkè àjà. Ó bu ṣíbí kan, ó rọra gbé e lọ síwájú Atọ́wò.

"Ẹ tọ́ èyí wò fún wa, ọ̀gá."

"Imú mi ti—"

"Kí imú sinmi," ni alága wí. "Ahọ́n lẹ sọ pé wọ́n fi joyè."

Ojú ìlú pé sára rẹ̀. Ó la ẹnu. Ó gbé e mì.

Nǹkan kan ò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni etí rẹ̀ pọ́n, iwájú orí rẹ̀ làágùn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ wọnú kóòtù. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀. Ó nawọ́ sí abọ́ tó sún mọ́ ọn jù, ti alága ni, ó gbé omi ìrẹsì inú rẹ̀ mu tán. Ó gbé ti olùkọ́, ó gbé tèmi. Bó ṣe ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí èkejì, ìyá yẹn ń tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá, ṣé ojúlówó ni? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún wa."

Abọ́ keje ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tá a jáde.

Ìyàwó Onítáyà ti ṣáájú wa délé. Ó so aṣọ ìdáná mọ́ra, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ lójú tèmi. Mo wolẹ̀.

"Tábìlì mẹ́rin ni mo ní," ló wí. "Ẹ tò. Mi ò sì ní dín ata kù fún ẹnikẹ́ni."

A tò. Èmi ló ṣe ìkẹtàlá. Ọkọ àbúrò Atọ́wò ló dúró lẹ́yìn mi, ó mú abọ́ dání láti hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀.