Bátìrì Ọ̀gá Etí

Hùùùùùùùn!

Ohun tí ẹ̀rọ orin ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń sọ nìyẹn. Olórin ò tíì lanu, ẹ̀rọ ti ń kùn bí oyin tí wọ́n sọ lókùúta.

Télọ̀ lọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Etí là ń pè é, torí ó ní bí eèrà bá wúkọ́, òun á gbọ́. Ẹ̀rọ àtijọ́ onígò ló rà, èyí tí wáyà tín-ín-rín máa ń pọ́n yòò nínú ìgò rẹ̀. Ó ní iná ilé tó ń mú wáyà yẹn gbóná ló ń kùn.

Ó lọ́ okùn iná mọ́ra bí ẹni ń di irun, bóyá á dákẹ́.

Hùùùùn!

"Iná bátìrì nìkan ni kì í kùn," ló wí.

Bátìrì dà? Ti mọ́tò bàbá onílé ló wà nítòsí. Bàbá ń sun oorun ọ̀sán. Ọ̀gá Etí rọra ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ bátìrì, ó gbé e wọlé bí ọmọ tuntun.

Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ.

Jẹ́ẹ́! Hùn ti kú!

Ayọ̀ bá gun ọkùnrin yìí gàlègàlè. Ta ló lọ jí pé kó wá gbọ́? Bàbá onílé! Yéè, ẹ̀rín ń pa mí!

Bàbá jókòó, ó gbé ife omi rẹ̀ lé orí bátìrì.

"Kò kùn rárá! Níbo lo ti rí bátìrì yìí? Tèmi inú mọ́tò, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Tiyín náà dáa gan-an."

Bàbá fẹ́ dìde, ó fẹ́ lọ gbé ìyàwó rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ọ̀gá Etí dì í mú.

"Ẹ gbọ́ ọ̀kan sí i!"

Àwo orin kan tẹ̀ lé òmíràn, títí wáyà inú ìgò fi ń ṣú, tí ohùn olórin ń lọ sílẹ̀ bíi tẹni tébi ń pa. Bàbá jáde. Ó ṣí mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò ò dún rárá! Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Olè! Wọ́n ti jí bátìrì mi!"

Ẹ wá wo ọkọ ẹ̀gbọ́n mi! Òun ló kọ́kọ́ fò síta.

"Olè! Olè! Ẹ bá mi mú un!"

Ó lé olè dé ìkóríta, ó padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi apá aṣọ dí ẹnu lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o rí ojú ẹ̀?" Bàbá bi í.

"Mo rí i kedere, Bàbá. Ó burẹ́wà!"

"Ó dáa, sáré gbé bátìrì tìẹ wá. Ìyàwó mi ń dúró."

Ó gbé e wá. Ó wọ ihò rẹ̀ wẹ́kú. Bàbá ń wò ó tìyanutìyanu.

"Àfi bíi pé ibí ni wọ́n bí i sí!"

Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kẹ́... kẹ́... kọ́.

Bàbá fi ìbínú gbá táyà nípàá.

"Bátìrì rádaràda! Tèmi tí wọ́n jí sàn jùyí lọ!"

"Òótọ́ ni, Bàbá," ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mi orí tàánútàánú. "Láàárọ̀ yìí gan-an, ó ṣì lágbára."