Obadiah Tí Kò Mọ Amẹ́ríkà

Ní Fìdítì níbí, Obadiah nìkan ni kì í gbójú lé ẹnikẹ́ni. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára géètì rẹ̀: ADÁDÚRÓ BÍ ÌRÓKÒ. Ìrókò náà ò lẹ́nu tó o. Ọ̀pẹ òyìnbó ló ń gbìn, bíi tiwa.

Lọ́dún tó kọjá, a gbọ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti dín ọjà rírà kù. Ilé iṣẹ́ tó ń kó ọ̀pẹ òyìnbó Dorothy, aládùúgbò Obadiah, lọ sí Amẹ́ríkà ní kí Dorothy dúró ná. Ọ̀pẹ òyìnbó kì í dúró. Ó ti ń pọ́n.

Obadiah bá a lóko, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Dorothy, ẹni tó fi Amẹ́ríkà ṣe ògiri, ògiri á wó lu ọmọ, á wó lu adìyẹ. Èmi ò mọ Amẹ́ríkà. Ìbàdàn ni mò ń tà sí.”

“Bàbá Ìyìn, ọ̀pẹ òyìnbó lẹ gbìn, ẹ ní ẹ ò mọ òyìnbó.”

“Fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Gba ìdajì owó rẹ̀, kí n kó gbogbo rẹ̀.”

Dorothy gbà. Obadiah ra ti àwọn mẹ́fà mìíràn bẹ́ẹ̀. Owó páànù ilé rẹ̀ ló ná tán síbẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ó kó gbogbo rẹ̀ sétí títì. Òkìtì rẹ̀ ga jù mí lọ. Ó wọ agbádá, ó ní ká wá wo bí wọ́n ṣe ń rajà lọ́wọ́ ọkùnrin. Ọkọ̀ Bushrah, oníbàárà rẹ̀ ará Ìbàdàn, ò dé. Nígbà tí oòrùn kàtàrí, ó pè é, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Bushrah, ọkọ̀ dà?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Ilé iṣẹ́ tí mò ń kó o fún ní àwọn ò gbà á mọ́.”

“Ilé iṣẹ́ wo? Ṣebí Ìbàdàn ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́!”

“Rárá o, Bàbá. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá. Amẹ́ríkà ló ń lọ.”

Dorothy bi Obadiah pé, “Ọdún mélòó lẹ ti ń tà fún un?”

“Mẹ́sàn-án.”

“Ọdún mẹ́sàn-án lẹ ti ń bọ́ Amẹ́ríkà, ẹ ò kàn tíì kí ara yín ni.”

Ẹ̀rín bú. Obadiah bọ́ agbádá, ó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ Ọ̀yọ́: “Ó dùn bí oyin o! Ẹ rà á!” Wọ́n ra ọ̀kan, wọ́n ra méjì.

Ní ọjọ́ kẹta, eṣinṣin pọ̀ ju oníbàárà lọ. Dorothy gbé abọ́ ńlá dé.

“Èló ni?”

“Iyekíye tó o bá ní.”

Dorothy ṣa méjìlá, ó ń gbóòórùn ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ fi ènì sí i, Bàbá Ìyìn.”

Obadiah fi mẹ́ta sí i. Òun náà ló bá a gbé e rù.